Adé dé orí, owó bodè bọ́ lọ́wọ́: ọ̀rọ̀ Sultan Abdullah ti Perak

Ọ̀pọ̀ ẹni tó bá gbọ́ ìtàn Sultan Abdullah ti Perak máa ń parí rẹ̀ síbì kan náà: òyìnbó fi àrékérekè gba ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n kò tó fún ẹni tó bá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ náà ṣiṣẹ́. Àwa tí wọ́n máa ń pè kí á wá pẹ̀tù sí ìjà oyè, tàbí kí á wá bá ìdílé ọlọ́ba kọ ìwé àdéhùn, owó bodè ló yẹ kí á tọpa rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ta ló ń gbà á? Ta ló ń jẹ nínú rẹ̀? Nígbà tí adé ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn, ibo ni owó náà gbà lọ? Ẹni tó bá tọ ipasẹ̀ owó náà láti 1871 dé 1877 yóò rí ìdí tí wọ́n fi pa ènìyàn, àti ìdí tí ọba kan fi ṣe ọ̀pọ̀ ọdún ní erékùṣù tí kò mọ̀ rí.

Bí ilẹ̀ ṣe rí

Perak wà ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Malay, nínú orílẹ̀-èdè tó ń jẹ́ Malaysia lónìí. Láyé ìgbà náà, odò ni títì wọn. Igbó dí, òkè yí wọn ká, nítorí náà ìrẹsì, iyọ̀, aṣọ àti tin, ojú odò Perak ni gbogbo wọn ń gbà kọjá. (Tin yìí, irú èyí tí wọ́n ń wà ní Jos ni.) Ìjòyè kọ̀ọ̀kan ló ní apá odò tirẹ̀, oníbodè rẹ̀ sì wà níbẹ̀, ọkọ̀ tó bá fẹ́ kọjá yóò sanwó. Kò sí owó oṣù fún ìjòyè kankan. Owó bodè yìí ló fi ń bọ́ àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, òun ló fi ń ra ìbọn, òun náà ló fi ń yá tálákà lówó, tí tálákà yóò fi di ìwọ̀fà nílé rẹ̀ pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ. Sultan fúnra rẹ̀ ń gba tirẹ̀ lẹ́nu odò, níbi tí omi ti wọ òkun. Ẹni tó bá ti gba bodè lọ́wọ́ ìjòyè Perak, oyè gan-an ló gbà lọ́wọ́ rẹ̀, kódà bí ó bá fi ìwérí sílẹ̀ fún un.

Ètò ìjọba wọn kò ṣàjèjì sí wa. Oyè ọba ń yí láàárín àwọn ìdílé tó tan mọ́ra, àtẹ̀gùn mẹ́ta sì wà níbẹ̀: Sultan lókè, Raja Muda tẹ̀ lé e bí Àrẹ̀mọ, Raja Bendahara lẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹni òkè bá wàjà, ẹni tó tẹ̀ lé e yóò gòkè. Ṣùgbọ́n àwọn afọbajẹ gbọ́dọ̀ fẹnu kò sí i, òfin kan sì wà tó le bí òkúta: wọn kò gbọdọ̀ sin ọba tó wàjà títí wọn yóò fi mú ẹni tó máa rọ́pò rẹ̀. Òkú ọba wà nílẹ̀, àwọn ìjòyè jókòó yí i ká, wọ́n sì ń wo ọ̀nà fún ẹni tí oyè kàn.

Wọ́n bí Abdullah ní 1842. Bàbá rẹ̀, Sultan Ja'afar, wàjà ní 1865. Sultan Ali gorí oyè, Abdullah di Raja Muda, ẹnì kan tó ń jẹ́ Ismail sì di Raja Bendahara. Bàbá Ismail wá láti Siak ní Sumatra. Ẹ̀jẹ̀ ọba Perak tó wà lára rẹ̀, ọ̀dọ̀ ìyá ló ti wá. Ẹnì kẹta náà wà, Raja Yusuf, ọmọ Sultan tó jẹ ṣáájú Ja'afar. Akíkanjú ni, ṣùgbọ́n ó le, àwọn ìjòyè sì bẹ̀rù rẹ̀. Léraléra ni wọ́n ń fò ó dá. Ẹ má gbàgbé orúkọ rẹ̀.

Ọmọ oyè tí kò wá síbi òkú

Sultan Ali wàjà ní 1871. Oyè kan Abdullah, kò sí àríyànjiyàn. Wọ́n ránṣẹ́ pè é, kò wá. Wọ́n tún ránṣẹ́, ó ń fi òní dónìí, fọ̀la dọ́la. Ìdí méjì ni àwọn òpìtàn ń sọ. Èkíní, ọ̀nà tó gòkè odò gba àdúgbò Yusuf, ẹ̀rù ń bà á pé wọn yóò dènà dè é. Èkejì, ìyàwó rẹ̀ ti bá ọmọ ọba Selangor kan lọ, ojú sì ń tì í láti jókòó láàárín àwọn ènìyàn tó mọ̀ nípa rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí méjèèjì jẹ́ òótọ́.

Òkú kò ṣeé fi sílẹ̀ títí ayé. Àwọn ìjòyè òkè odò fi Ismail jẹ, wọ́n sin Sultan Ali, wọ́n kó ohun èlò oyè lé Ismail lọ́wọ́. Ẹnì kan tí ọwọ́ rẹ̀ ga nínú ètò náà ni Ngah Ibrahim, Mẹ́ńtẹ̀rì Larut (ìjòyè tó ń ṣàkóso agbègbè Larut tí wọ́n ti ń wa tin), tí mo máa padà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láìpẹ́.

Níbí ni mo máa ń dúró sí nígbà tí mo bá ń bá àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí sọ̀rọ̀. Wọ́n máa ń fẹ́ sáré dé Pangkor, erékùṣù tí wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní 1874, nítorí ibẹ̀ ni òyìnbó ti wọlé. Ṣùgbọ́n ní 1871, ìjà yìí ṣì jẹ́ ti ilé. Alárinà kan tó bá lè mú ẹ̀rí ìfọ̀kànbalẹ̀ lọ bá Abdullah, kí ó lọ bá Yusuf lẹ́yìn náà kí ó gba ẹnu rẹ̀, kí ó sì fi ọkọ̀ sin ọmọ oyè dé ibi òkú, ìyẹn ì bá ti tó. Kò sẹ́ni tó ṣe é. Wọ́n ránṣẹ́, wọn kò lọ mú un wá.

Láti ọjọ́ náà ni Perak ti ní ọba méjì. Ismail ní ohun èlò oyè, ó sì wà lókè odò. Abdullah ní ẹ̀tọ́ tí kò rí ibi gbé e kà, ó wà nísàlẹ̀ odò, nítòsí òkun, níbi tí àwọn oníṣòwò Penang àti Singapore ti lè tètè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ó ta bodè kí ó tó ní in

Larut wà ní àríwá Perak, kì í ṣe létí odò Perak rárá. Ní àwọn ọdún 1840, bàbá Ngah Ibrahim, Long Ja'afar, ni ó bẹ̀rẹ̀ sí kó àwọn ará Ṣáínà wá wa tin níbẹ̀. Owó tó jáde nínú rẹ̀ sọ ọmọ rẹ̀ di ẹni tó lówó ju Sultan lọ. Àwọn tó ń wa kùsà pín sí ẹgbẹ́ ìmùlẹ̀ méjì, Ghee Hin àti Hai San. Wọ́n jà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1860, wọ́n tún jà ní 1865, ti 1872 ló wá burú jù: ó dé ojú òkun, ọkọ̀ kò lè kọjá ní àlàáfíà mọ́, àwọn oníṣòwò Penang tó ti fowó sí kùsà ń ké gbàjarè. Ngah Ibrahim gbè sẹ́yìn ẹni tó bá ń borí. Nígbà tó di ọ̀rọ̀ Hai San, Abdullah lọ dúró ti Ghee Hin. Kì í ṣe pé ó fẹ́ràn wọn. Ẹni tó bá ọ̀tá rẹ̀ jà ni.

Ní ìparí 1873, wọ́n mú Abdullah dé ọ̀dọ̀ Tan Kim Ching ní Singapore. Olówó ńlá ni, ọmọ Tan Tock Seng, ọwọ́ rẹ̀ sì dé ọ̀dọ̀ Ghee Hin. Àdéhùn wọn rọrùn láti lóye: bí Kim Ching bá ran Abdullah lọ́wọ́ láti jọba, òun ni yóò máa gba owó orí tin Larut fún ọdún mẹ́wàá, tí wọn yóò jọ pín in. Abdullah kò tíì jọba. Larut kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, kò tilẹ̀ sí ọ̀nà tí ó lè gbà dé ibẹ̀ láìsí ogun. Ó ta bodè tí kò tíì gbà.

Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ lẹ́tà sí Gómìnà Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣàkóso Singapore àti Penang, ọjọ́ 30 oṣù kejìlá 1873. Abdullah ní kí Gómìnà mọ òun ní Sultan, kí ó sì fún òun ní ẹnì kan tó gbọ́n, tí yóò bá wọn gbé ní Perak, tí yóò sì fi ọ̀nà ìjọba rere hàn wọ́n. Ẹni tó bá ka lẹ́tà náà yóò mọ̀ pé ọwọ́ olùrànlọ́wọ́ wà nínú gbólóhùn rẹ̀.

Lẹ́tà náà bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ti ń retí irú rẹ̀. Sir Andrew Clarke ṣẹ̀ṣẹ̀ dé gẹ́gẹ́ bí Gómìnà ní oṣù kọkànlá. Àṣẹ tí wọ́n fi rán an láti London ni pé kí ó wádìí, kí ó sì kọ̀wé padà. Ó kọ́kọ́ ṣe é tán, lẹ́yìn náà ló kọ̀wé.

Pangkor

Ọjọ́ 20 oṣù kìíní ọdún 1874, nínú ọkọ̀ ìjọba kan tó ń jẹ́ Pluto, létí erékùṣù Pangkor. Àwọn olórí Ghee Hin àti Hai San ni wọ́n kọ́kọ́ pẹ̀tù sí lọ́kàn, wọ́n gbà láti kó ohun ìjà sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá kan àwọn Malay. Abdullah wà níbẹ̀. Ngah Ibrahim wà níbẹ̀. Ismail kò wá, ọ̀pọ̀ ìjòyè òkè odò kò sì wá. Frank Swettenham, ọ̀dọ́mọkùnrin ọdún mẹ́tàlélógún, wà lára àwọn tó ń túmọ̀ tó sì ń kọ ìwé.

Ìwé náà ní kí wọ́n mọ Abdullah ní Sultan. Ó fún Ismail ní orúkọ oyè, owó ìtọ́jú àti ilẹ̀ kékeré kan, láìjẹ́ pé Ismail wà níbẹ̀ láti gbà tàbí kọ̀. Ó ní kí Sultan gba ajẹ́lẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sílùú, ẹni tí wọn yóò máa pè ní Resident. Wọ́n gbọ́dọ̀ béèrè ìmọ̀ràn rẹ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e nínú ohun gbogbo, àfi ẹ̀sìn àti àṣà Malay. Lẹ́yìn náà ni àwọn ìlà tó kéré lójú wá tẹ̀ lé e. Gbígba owó ìlú, gbogbo rẹ̀, yóò wà lábẹ́ ìmọ̀ràn ajẹ́lẹ̀. Owó tí yóò sì bọ́ ajẹ́lẹ̀ àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, òun ni wọn yóò kọ́kọ́ yọ nínú owó Perak kí ẹnikẹ́ni tó rí kọ́bọ̀.

Mo ti rí àwọn tó ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ "ìmọ̀ràn" yìí títí ilẹ̀ fi ṣú. Ìlà tó sọ̀rọ̀ nípa owó ló yẹ kí wọ́n jiyàn lé lórí. Abdullah gbọ́ pé òun ti di Sultan, ó fọwọ́ sí i. Ọ̀rọ̀ ọdún mẹ́wàá tó bá Kim Ching sọ kò ríbi wọlé mọ́, nítorí ìwé tuntun ti kó gbogbo owó lọ sábẹ́ ẹlòmíràn. Àwọn ìjòyè tí kò wá kò mọ̀ pé bodè ojúlé wọn wà nínú ohun tí wọ́n fi ra adé fún ẹlòmíràn.

Birch dé

Captain Speedy ni wọ́n kọ́kọ́ fi sí Larut. J. W. W. Birch wá di ajẹ́lẹ̀ Perak ní oṣù kọkànlá 1874. Ó ti ṣiṣẹ́ pẹ́ ní Ceylon, ó ti jẹ́ akọ̀wé ìjọba ní Singapore. Kò gbọ́ èdè Malay dáadáa, kò sì ní sùúrù. Ó kọ́ ibùdó sí Bandar Bahru, ó ń fi ọkọ̀ lọ sókè sódò, ó ń kọ ohun gbogbo sílẹ̀.

Ohun tó rí bí i nínú, bẹ́ẹ̀ ló rí ní òótọ́: ìyá, bàbá àti ọmọ tó di ìwọ̀fà lórí gbèsè tí kò lè tán, àwọn obìnrin tí wọ́n ń lù. Nígbà tí wọ́n bá sá wá bá a, ó ń gbà wọ́n, ó ń fi ọkọ̀ gbé wọn kúrò ní Perak. Mi ò dá a lẹ́bi fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n lójú ìjòyè, olè ni: ó ń jí ohun tí gbèsè fi dúró. Láàárín àkókò kan náà ló tún kéde pé ìjòyè kankan kò gbọdọ̀ gba owó bodè mọ́, ìjọba nìkan ni yóò máa gbà á. Nígbà tí wọ́n béèrè ohun tí wọn yóò máa jẹ, ó ní wọn yóò rí owó oṣù. Ìgbà wo? Nígbà tí owó bá wọlé. Èló? Wọn yóò gbọ́.

Abdullah fúnra rẹ̀ kò yàtọ̀. Ó ti gba owó lọ́wọ́ oníṣòwò kan, ó ti fi bodè ẹnu odò lé e lọ́wọ́. Birch ní àdéhùn náà kò dúró. Ọba tí wọ́n fi jẹ nítorí pé ó ta bodè, wọ́n tún wá bá a jà nítorí pé ó ta bodè. Adé kò sì tíì pé lórí rẹ̀: ohun èlò oyè ṣì wà lọ́dọ̀ Ismail, Ismail kò sì yọ̀ǹda rẹ̀. Ohun tó ya àwọn méjèèjì nípa fún ọdún mẹ́rin, Birch ló fi oṣù mélòó kan wò sàn. Ọ̀tá tuntun yìí, wọ́n jọ ní in.

Oṣù keje 1875, àwọn ìjòyè ìsàlẹ̀ odò pàdé ní Durian Sebatang, Abdullah sì wà níbẹ̀. Nígbà ìwádìí, àwọn ẹlẹ́rìí sọ pé níbẹ̀ ni Maharaja Lela, ìjòyè Pasir Salak, ti ní òun yóò pa Birch. Wọ́n tún sọ̀rọ̀ nípa alẹ́ tí wọ́n pe iwin láti béèrè bóyá ajẹ́lẹ̀ yóò kú. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín sí ìyẹn, kí ó ronú pé kóòtù òyìnbó kò rẹ́rìn-ín, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹ̀rí.

Oṣù kẹsàn-án, Gómìnà tuntun, Sir William Jervois, wá sí Perak fúnra rẹ̀. Ó ní ètò ajẹ́lẹ̀ kò tó, kí àwọn òṣìṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì máa ṣèjọba tààrà ní orúkọ Sultan. Abdullah ń fa ẹsẹ̀. Wọ́n wá fi Yusuf hàn án: bí o kò bá fọwọ́ sí i, ọkùnrin tí wọ́n ti ń fò dá yìí wà níbí, yóò fọwọ́ sí i. Abdullah fọwọ́ sí i ní oṣù kẹwàá. Wọ́n tẹ ìkéde náà, Birch sì gbé e sọ́kọ̀ láti lọ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri lábúlé lábúlé. Ní ti ètò, Abdullah ti fi ohun tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ní ti òtítọ́, àwọn ìjòyè rí i pé ẹni tí wọ́n ń bá gbìmọ̀ lóṣù keje ti fọwọ́ sí i lóṣù kẹwàá.

Pasir Salak, ọjọ́ 2 oṣù kọkànlá 1875

Birch gúnlẹ̀ sí Pasir Salak lálẹ́ ọjọ́ kìíní, abúlé Maharaja Lela gan-an. Lọ́wọ́ àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó rán ògbufọ̀ rẹ̀, Mat Arshad, kí ó lọ lẹ ìkéde mọ́ ara ilé ará Ṣáínà kan tó ń ṣe iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ wúrà. Birch fúnra rẹ̀ bọ́ sí ilé ìwẹ̀ tó léfòó létí odò, imọ̀ ọ̀pẹ ni wọ́n fi ṣe ògiri rẹ̀. Pandak Indut, àna Maharaja Lela, fa ìkéde náà ya. Mat Arshad lẹ òmíràn. Pandak Indut fi ọ̀kọ̀ gún un. Lẹ́yìn náà ni àwọn tó kù sáré lọ síbi ilé ìwẹ̀, wọ́n ń ti ọ̀kọ̀ wọnú imọ̀ láti ìta, láìrí ẹni tó wà nínú. Birch bọ́ sínú omi, nígbà tó yọ orí, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Seputum fi idà ṣá a lórí. Lieutenant Abbott tó bá a wá ń ṣọdẹ lódìkejì odò, òun ni ó yè é. Swettenham wà lókè odò, ó gba ojú omi sá kọjá lóru.

Ẹ wo ohun tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀: ìwé tó wà lára ògiri ni. Birch ti ń gbé Perak fún ọdún kan, ó ti gba ìwọ̀fà wọn, ó ti bú wọn, wọn kò fi ọwọ́ kàn án. Ìgbà tí ìkéde tó gba ìjọba àti owó dé ojúlé Maharaja Lela ni ọ̀kọ̀ jáde.

Ogun tẹ̀ lé e. Captain Innes kú nínú ìkọlù àkọ́kọ́ sí Pasir Salak, ọmọ ogun sì wá láti Hong Kong àti Íńdíà. Ọwọ́ tẹ Ismail ní 1876, wọ́n kó o lọ sí Johor, ibẹ̀ ló kú sí ní 1889. Maharaja Lela jọ̀wọ́ ara rẹ̀, wọ́n gbẹ́jọ́ rẹ̀ ní Matang ní oṣù kejìlá 1876, wọ́n sì yẹgi fún òun, ìjòyè kan tó ń jẹ́ Datuk Sagor, àti Pandak Indut lọ́jọ́ 20 oṣù kìíní 1877. Ọdún mẹ́ta géérégé sí ọjọ́ Pangkor.

Ti Abdullah kò dé ilé ẹjọ́. Wọ́n ṣe ìwádìí, wọ́n ní ó mọ̀ sí i, wọ́n sì kó o lọ sí Seychelles, àwọn erékùṣù nínú òkun Íńdíà, lọ́dún 1877 pẹ̀lú àwọn ìjòyè kan. Ngah Ibrahim wà lára wọn. Ọkùnrin tó lówó ju Sultan lọ, tó gbè sẹ́yìn Ismail, tó tún wá sí Pangkor, bá ẹni tí kò fẹ́ rí lójú wọ ọkọ̀ ìgbèkùn kan náà.

Ìgbẹ̀yìn rẹ̀

Ó lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí Abdullah lò ní Seychelles, ó ń kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ léraléra. Lẹ́yìn tó ti kúrò níbẹ̀ ni wọ́n kó Prempeh, ọba Ashanti, wá síbi kan náà, àti Kabalega ti Bunyoro àti Mwanga ti Buganda. Erékùṣù náà ti di àgọ́ àwọn ọba. Àárín àwọn ọdún 1890 ni wọ́n jẹ́ kí ó padà sí Singapore. Ó di 1922 kí ó tó tún fojú kan Perak, ó sì wàjà ní Kuala Kangsar lọ́dún náà, ẹni ọgọ́rin ọdún. Àwọn ará ibẹ̀ ń sọ ọ́ pé orin kan tí ẹbí rẹ̀ gbọ́ ní Seychelles ló di orin ìpínlẹ̀ Perak. Èyí tó dájú ni pé ohùn orin Perak náà ni Malaya (tó di Malaysia lẹ́yìn náà) mú ṣe orin orílẹ̀-èdè ní 1957. Ọmọ rẹ̀, Raja Chulan, jókòó sí ìgbìmọ̀ aṣòfin nígbà ayé òyìnbó, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ sọ títì kan ní Kuala Lumpur.

Yusuf, ẹni tí wọ́n ń fò dá, ni wọ́n fi ṣe adelé ní 1877, ó di Sultan ní 1886, ó sì wàjà lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

Ohun tí Hugh Low ṣe

Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ yìí wúlò fún iṣẹ́ wa ni pé a lè fi ajẹ́lẹ̀ kan tó dé lẹ́yìn Birch wé e. Hugh Low di ajẹ́lẹ̀ ní 1877, ìlú kan náà, ìwé kan náà, àwọn ìjòyè kan náà àyàfi àwọn tí wọ́n ti pa tàbí kó lọ. Low gbọ́ Malay. Ó dá ìgbìmọ̀ ìlú sílẹ̀ lọ́dún náà, Yusuf àti àwọn ìjòyè jókòó níbẹ̀, àwọn olórí ará Ṣáínà jókòó níbẹ̀, ó sì ń gbé ọ̀rọ̀ síwájú wọn kí ó tó ṣe é. Bodè kúrò lọ́wọ́ ìjòyè láyé rẹ̀ náà, kò sí ìyàtọ̀ nínú ìyẹn. Ìyàtọ̀ ni pé ó fi wọ́n ṣe olórí àdúgbò lábẹ́ ìjọba, ó sì fún wọn ní ìpín nínú owó tí wọ́n bá gbà. Ní ti ìwọ̀fà, ó dúró títí di òpin 1883 kí òfin tó fòpin sí i.

Mo mọ̀ pé ọdún mẹ́fà pẹ́ lọ́rùn ẹni tó wà nínú ìwọ̀fà. Èmi kò ní sọ fún obìnrin tó sá wá bá Birch pé kí ó padà lọ dúró. Ṣùgbọ́n Birch fẹ́ gba ìwọ̀fà, bodè àti ìjọba lọ́dún kan, kò sì ní nǹkan kan lọ́wọ́ tó máa fi dípò wọn.

Ilé ẹ̀kọ́ ètò yìí kò jìnnà sí wa. Hugh Clifford tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìjọba rẹ̀ ní ilẹ̀ Malay ní 1883, nígbà tí Low ṣì wà ní Perak, òun náà ni Gómìnà Nàìjíríà láti 1919 dé 1925.

Fún àwa tó ń ṣe iṣẹ́ yìí, ohun tí ẹjọ́ Perak ti yí padà lọ́wọ́ mi pọ̀ díẹ̀. Bí ọmọ oyè kan kò bá wá síbi tó yẹ kí ó wà, mi ò gba kí wọ́n kọ "kò fẹ́" sínú ìwé. Mo ń béèrè bóyá ẹ̀rù ni tàbí ìtìjú, nítorí ọ̀nà àbáyọ wọn kì í ṣe ọ̀kan náà: ẹni tí ẹ̀rù ń bà nílò ẹni tí yóò sìn ín, ẹni tí ojú ń tì nílò àgbà tí yóò lọ jókòó tì í. Bí wọ́n bá fẹ́ kọ àdéhùn, mo ń ka àwọn tí kò sí níbẹ̀ kí n tó ka àwọn tó wà níbẹ̀, mo sì ń wo ohun tí ìwé náà ń gbà lọ́wọ́ ẹni tí kò wá. Bí ìwé bá sọ pé owó kan yóò kúrò lọ́wọ́ ìjòyè, iye tí yóò rọ́pò rẹ̀ àti ọjọ́ tí yóò bẹ̀rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú gbólóhùn kan náà, kì í ṣe ní ojú ìwé tó tẹ̀ lé e, kì í sì í ṣe "wọn yóò gbọ́".

Ní ti ọmọ oyè tó bá wá bá mi pé kí n ran òun lọ́wọ́, mi ò tíì fẹ́ gbọ́ ìtàn ìdílé rẹ̀. Ta ló ń gba owó ọjà níbẹ̀? Owó ibùdókọ̀ ńkọ́? Àwọn tó ń ta ilẹ̀ àdúgbò, ta ni wọ́n ń jábọ̀ fún? Ta ló ń sanwó lọ́yà rẹ, kí sì lo ṣèlérí fún un? Bí ó bá ní òun kò fọwọ́ sí ìwé kankan lọ́dọ̀ olówó kankan, mo máa ń ní kí ó lọ sùn lé e, kí ó tún un wò dáadáa, kí ó tó padà wá.